Iyanrìn Tí A Fi Ọkọ̀ Rù

Ẹni tó bá ti òkè wá sí abúlé Òbè-Olówòkéré, ohun tó máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni pé, "Ilẹ̀ dà?" Àwọn ará ibẹ̀ kì í bá a jà. Òkè ni wọ́n bí i sí, ó rò pé ilẹ̀ kàn máa ń wà ni, bí òjò ṣe ń rọ̀ fúnra rẹ̀. Ní Òbè, orí òpó ni wọ́n ń kọ́lé sí, orí pákó ni wọ́n ń rìn láti ilé dé ilé, omi sì wà lábẹ́ ibùsùn gbogbo wọn, àti olówó àti tálákà. Ẹni tó bá fẹ́ ilẹ̀ gbígbẹ níbẹ̀, àfi kó ṣe é. Yóò wa ọkọ̀ lọ sí etí òkun, yóò fi ṣọ́bìrì kó iyanrìn kún un, yóò wà á padà, yóò dà á sínú ẹrẹ̀ lábẹ́ ilé rẹ̀. Omi yóò gbé ìdajì lọ, òun náà yóò sì tún padà lọ kó òmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni bàbá ṣe ń ṣe kí ìyá tó ríbi dáná.

Mùínátù, ìyá Rekiyat, ẹja ló ń yan. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, ohùn rẹ̀ nìkan ni kò pẹ́lẹ́ńgẹ́. Bó bá bá ènìyàn sọ̀rọ̀ ní ìsàlẹ̀ abúlé, àwọn tó wà lókè á dáhùn. Èéfín ti sọ ojú rẹ̀ di pupa, ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á rò pé gbogbo ìgbà ló ń bínú. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ọ̀pọ̀ ìgbà ló ń bínú. Ṣùgbọ́n ìbínú rẹ̀ nídìí, orúkọ ìdí náà sì ni Mùíz.

Mùíz ni àbúrò rẹ̀ ọkùnrin kan ṣoṣo. Nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, kò síbi tí ọmọdé lè gbá bọ́ọ̀lù sí ju orí afárá pákó lọ, pákó tí kò fẹ̀ ju ẹní lọ. Bí bọ́ọ̀lù bá bọ́ sómi, ẹni tó gbá a ló máa bẹ́ sómi lọ mú un. Mùíz ló mọ bọ́ọ̀lù gbá jù nínú wọn. Lọ́jọ́ kan, bó ṣe fẹ́ fi ẹsẹ̀ òsì gbá a, pákó tó ti jẹrà dá lábẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ẹsẹ̀ há sáàárín igi méjì, ara sì ṣubú sí ọ̀nà ibòmíràn. Mùínátù ló ń ṣọ́ wọn lọ́jọ́ náà, òun ló gbọ́ bí eegun ṣe dún. Wọ́n gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń to eegun ní Mahintedo. Eegun so, ṣùgbọ́n ó so wíwọ́. Títí di òní, bí Mùíz bá ń rìn, èjìká rẹ̀ kan a máa kí ilẹ̀. Àwọ̀n ló ń tún ṣe fáwọn apẹja báyìí, nítorí iṣẹ́ àjókòóṣe ni.

Mùínátù ò sunkún lọ́jọ́ náà. Ó bínú ni. Ó bínú sí pákó, ó bínú sí omi, ó bínú sí gbogbo àgbà tó ń fi iyanrìn dí abẹ́ ilé tirẹ̀ torí ibi tí yóò dáná sí, tí kò sẹ́ni tó rántí pé ọmọdé náà lẹ́sẹ̀.

Ìbínú náà wà nínú rẹ̀ títí ó fi lọ sílé ọkọ, tó sì bí Rekiyat. Nígbà tí àwọn ènìyàn ń bèèrè ohun tí wọn óò mú wá síbi ìsọmọlórúkọ, ó ní òun ò fẹ́ aṣọ, òun ò fẹ́ ọṣẹ. "Ẹ bá mi gbé iyanrìn wá," ó ní. "Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ìbímọ ti gùn ún. Ọkọ rẹ̀ pàápàá, ojú tì í. Ṣùgbọ́n ta ló máa sọ fún abiyamọ tuntun pé rárá? Wọ́n gbé e wá, ó sì ní kí wọ́n dà á sínú ẹrẹ̀ tó wà láàrin mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí ẹnikẹ́ni ò kọ́lé sí. Mùíz ló kan òpó yí i ká kí omi má baà kó o lọ. Gbogbo rẹ̀ ò ju ibi tí ewúrẹ́ bíi mélòó kan lè dùbúlẹ̀ sí lọ. Àwọn ọmọdé gun orí rẹ̀, wọ́n ń fò sókè, wọ́n ń bọ̀ wálẹ̀, ẹnu sì yà wọ́n pé kò mì.

Bó ṣe di àṣà nìyẹn. Ẹni tó bá bímọ ní Òbè, ìbáà jẹ́ Mùsùlùmí, ìbáà jẹ́ ọmọ ìjọ aláṣọ funfun, ilé rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé ọkọ̀ iyanrìn kan wá síbẹ̀. Iyanrìn ọmọ ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá gbàgbé, Mùínátù á rán an létí, ẹ sì ti gbọ́ bí ohùn rẹ̀ ṣe rí.

Ọmọ ń pọ̀, ilẹ̀ ń fẹ̀. Nígbà tí Rekiyat náà fi máa lọ sílé ọkọ, ibẹ̀ ti di pápá tí ọmọkùnrin lè sáré lórí rẹ̀ títí tí èémí rẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ já. Àwọn ọmọbìnrin ń ṣe tẹ́ǹ-tẹ́ẹ̀n ní igun kan. Mùíz gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, ó ń ṣe rẹfirí láti orí ìjókòó. Bó bá fọn fèrè, kò sẹ́ni tó ń jiyàn, nítorí ọmọ tó bá jiyàn, Mùíz kọ́ ló máa lé e, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Òfin kan ló sì wà: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sá edé síbẹ̀. Ilẹ̀ gbígbẹ ní Òbè, tí a ò gbọdọ̀ sá edé sí! Àwọn ọ̀rẹ́ Mùínátù tí wọ́n jọ ń ṣòwò bínú títí. Lọ́jọ́ kan òun fúnra rẹ̀ gbàgbé, ó tẹ́ ẹní edé sétí pápá, Mùíz sì fọn fèrè mọ́ ọn. Ó kó edé rẹ̀ kúrò, ó ń kùn lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn kí ìjọba tó dé.

Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ló gbé wọn wá, orí pápá ni wọ́n sì sọ̀kalẹ̀ sí. Ẹni tó ṣáájú wọn ń jẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Lawrence, òun ló ń mójú tó ètò ìlú ní káńsù. Ọmọ òkè ni. Ó wọ jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, kò sì bọ́ ọ títí tó fi jókòó sínú ilé Baálẹ̀, àfi bíi pé omi lè wọlé wá bá a níbẹ̀. Baálẹ̀ Olówòkéré, àgbàlagbà tó ń bẹ̀rù ìjọba ju bó ṣe ń bẹ̀rù ìjì lọ, ní kí wọ́n pe gbogbo ilé.

Lawrence tẹ́ máàpù sílẹ̀. Oríṣiríṣi àwọ̀ ló wà lára rẹ̀.

"Káńsù ti jókòó, wọ́n sì ti fọwọ́ sí i," ó ní. "A ti pín gbogbo etí omi yìí. Ibi ilé gbígbé lọ́tọ̀, ibi òwò lọ́tọ̀, ibi ìgbafẹ́ lọ́tọ̀. Ibi tó wà láàrin mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, ibùdó ìgbafẹ́ la fẹ́ kọ́ síbẹ̀."

Inú Mùínátù dùn. Kí n má purọ́, inú rẹ̀ dùn débi pé ó pàtẹ́wọ́. "Ọ̀gá, ẹ ṣeun o! Ṣé ẹ ó bá wa ṣe òpó gòólù tuntun mọ́ ọn? Tiwa ti ń jẹrà."

Lawrence wú ikọ́. Ó ní kì í ṣe irú ìgbafẹ́ bẹ́ẹ̀. Ilé àlejò ni, ilé ọtí àti orin, fún àwọn tó ń ti ìlú ńlá bọ̀ wá wo òkun. Wọn óò mọ odi yí i ká, ẹni tó bá sanwó ló máa wọlé.

"Àwọn ọmọ wa ńkọ́?"

"A ò gbàgbé wọn, Ìyá. Ibi ìṣeré tiwọn nìyí." Ó fi ìka lé ibi tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ewé. Àwọn tó sún mọ́ ọn wò ó, wọ́n sì wo ara wọn. Òdìkejì odò ni, nínú igbó ẹ̀gbà, igi tó ń hù nínú ẹrẹ̀ etí omi, níbi tí àgbàlagbà tó bá wọ̀ ọ́ á rì dé ìbàdí.

Mùínátù ní, "Pápá tiwa dà nínú ìwé yín?"

"Kò sí pápá níbẹ̀. Ẹ wò ó, àwọ̀ omi ni. Omi ni ibẹ̀ nígbà tí wọ́n ya máàpù yìí, omi náà ló sì jẹ́ lójú ìjọba. Etí omi, ìjọba ló ni ín. Ẹ ò lè sọ pé ẹ ní pápá lórí omi."

"Ọ̀gá, iyanrìn wà lára bàtà yín."

Gbogbo ilé wo bàtà Lawrence. Lawrence náà wò ó. "Ohun tó wà nínú ìwé ni mo ń sọ, Ìyá," ó ní. Kò fi pariwo, kò sì fi ṣe ìkà. Ohun tó dun Mùínátù jù nìyẹn, pé ọkùnrin náà ń sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé ilẹ̀ ti ṣú.

Wọ́n ri pátákó kan mọ́ pápá kí wọ́n tó lọ. Nígbà tí wọ́n lọ tán ni Baálẹ̀ jẹ́wọ́ pé òun ti tẹ̀ka sí ìwé fún wọn kí òun tó pe ìpàdé. Ó ní kí wọ́n má ṣe bá ìjọba fa wàhálà, ẹ̀bẹ̀ là ń bẹ òṣìkà kó tún ìlú ṣe. Ó dáa, wọ́n bẹ̀bẹ̀. Mùínátù àti Beauty, ọ̀dọ́ abiyamọ kan tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ ọkọ̀ lọ sí káńsù. Ọ̀rọ̀ náà ká Beauty lára torí iyanrìn ọmọ rẹ̀, Ọpẹ́fólúwa, ni wọ́n dà kẹ́yìn sí pápá. Kò tíì gbẹ tán lọ́jọ́ tí Lawrence tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Orí bẹ́ǹṣì ni wọ́n wà láti àárọ̀, ọmọ ń sunkún, àwọn akọ̀wé ń kọjá, kò sẹ́ni tó bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń fẹ́. Ọ̀sán ti pọ́n kí Lawrence tó pè wọ́n wọlé.

Ó ní ọ̀rọ̀ ti kọjá ọwọ́ òun. Ó ní iṣẹ́ ti bọ́ sọ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe. Nígbà tó rí i pé Mùínátù ò dìde, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìyá, mo mọ̀ pé ẹja lẹ ń yan. Mo lè bá yín gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan nínú ibùdó náà. Àwọn àlejò fẹ́ràn ẹja. Ẹ óò lówó."

Ẹ má rò pé kò rò ó wò. Ó rò ó. Èéfín ti ń ba ojú rẹ̀ jẹ́, ọkọ rẹ̀ sì ti di olóògbé. Ṣùgbọ́n ó rí ara rẹ̀ nínú ọgbà náà tó ń ta ẹja, ó sì rí àwọn ọmọ Òbè lẹ́yìn odi, tí wọ́n tún ń gbá bọ́ọ̀lù lórí pákó. Ó gbọ́ eegun yẹn tó dún lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Ẹja tèmi lẹ fẹ́ fi dí mi lẹ́nu?" ó ní. Lẹ́yìn náà, ó na ọwọ́ sí máàpù tó wà lára ògiri. "Ibi funfun tó wà lẹ́yìn ilé ìwé wa yìí, tí ẹ ò kùn, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Ibẹ̀? Ẹrẹ̀ lásán ni. Kò sí nínú ètò kankan. Kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ."

"Ẹ ṣeun, ọ̀gá," Mùínátù ní, ó sì dìde.

Bí wọ́n ṣe ń padà bọ̀, kò sọ̀rọ̀. Ẹ̀rù ba Beauty, nítorí Mùínátù tó dákẹ́, ohun tí ojú ò rí rí ni. Ìgbà tí ọkọ̀ dé ẹ̀gbẹ́ pápá, tí àwọn ọmọdé ń sáré wá pàdé wọn, ló tó la ẹnu, gbogbo abúlé sì gbọ́.

"Wọ́n ní omi la ní níbí! Ó dáa! Èmi ò bá ìjọba jiyàn mọ́. Ìjọba ló ni omi, ẹ jẹ́ ká fún ìjọba lómi rẹ̀. Ṣùgbọ́n iyanrìn yìí, ìjọba ò bá wa rù ú. Kí olúkúlùkù wá kó iyanrìn ọmọ tirẹ̀!"

Àwọn kan rò pé ó ti ya wèrè. Ẹni tó kọ́kọ́ dá a lóhùn ni Mùíz, láti orí àga rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, èmi lẹ torí ẹ̀ ṣe ilẹ̀ yìí. Èmi ni mo kan òpó rẹ̀. Ẹ̀yin náà lẹ tún fẹ́ tú u?"

Ọ̀rọ̀ náà gún un lọ́kàn. Ó lọ bá a, ó jókòó sórí iyanrìn níwájú rẹ̀. "Bí a bá fi í sílẹ̀, Mùíz, wọn óò mọ odi lé e lórí, àwọn ọmọ yìí á sì padà sórí pákó. Ibi tó wà kọ́ ni tiwa, wọ́n ti gba ìyẹn. Iyanrìn ni tiwa. Ẹ̀yìn ilé ìwé ni mò ń gbé e lọ. Wọn ò kùn ún, wọn ò sì fẹ́ ẹ."

Mùíz gbé ojú kúrò lára rẹ̀. Ó mú àga rẹ̀, ó fi èjìká wíwọ́ yẹn gbé e, ó sì lọ sílé. Mùínátù ò pè é padà. Ó jókòó síbẹ̀, fún ìgbà àkọ́kọ́ kò mọ ohun tí yóò ṣe. Beauty ló so ọmọ mọ́ ẹ̀yìn dáadáa, tó mú garawa, tó lọ sí igun tí wọ́n da iyanrìn Ọpẹ́fólúwa sí, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bù ú sínú ọkọ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, àwọn apẹja tó ń kọjá lọ sí Ode Ugbo ń dúró wò ó. Ìdílé dé tẹ̀lé ìdílé. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Wọ́ọ̀rì gbọ́, wọ́n wálé wá kó iyanrìn tí wọ́n dà nígbà tí wọ́n bí wọn. Ìyá kan ń sọ pé ti àkọ́bí òun ló wà lábẹ́ òpó gòólù, ìyá mìíràn ní irọ́ ni, ti ọmọ tòun ni. Mùínátù ní kí wọ́n jọ bù ú, kí wọ́n yé pariwo. Baálẹ̀ wá láti dá wọn dúró. Ó fi ọ̀pá lu ilẹ̀, ó ní òun ti tẹ̀ka, wọ́n fẹ́ sọ òun di èké lójú ìjọba.

"Kò séwu, Baálẹ̀," Mùínátù ní. "Omi lẹ tẹ̀ka fún wọn lórí ẹ̀. Omi náà ni wọn óò bá."

Nígbà tó yá, Baálẹ̀ bi wọ́n pé igun wo ni ti àwọn ọmọ-ọmọ òun wà. Wọ́n fi hàn án. Ó padà sílé, kò sì pẹ́ tí ọkọ̀ ńlá tirẹ̀ fi yọ.

Ìgbà tí iyanrìn lọ sílẹ̀ tán ni wọ́n fa òpó tu. Omi tí wọ́n ti lé jáde níbẹ̀ láti ìgbà ìsọmọlórúkọ Rekiyat wọlé padà wẹ́rẹ́, àfi bíi pé ìta lásán ló lọ. Pátákó tí káńsù rì mọ́lẹ̀, tí wọ́n kọ IBÙDÓ ÌGBAFẸ́ sí lára, nìkan ló kù, omi sì mù ún dé orúnkún. Àwọn obìnrin kan sunkún. Mùínátù náà wò ó, ṣùgbọ́n ọkọ̀ rẹ̀ ti kún, ó sì mú àjẹ̀.

Orí omi náà ló wà nígbà tí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì Lawrence já dé, òun àti agbaṣẹ́ṣe. Ẹni tó ń wakọ̀ wọn sáré títí tó fi kan pátákó, ó pa ẹ́ńjìnnì. Agbaṣẹ́ṣe wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Ilẹ̀ náà dà?" ó ní.

Lawrence tú máàpù. Ó wò ó, ó wo omi, ó tún wò ó. Ìgbà náà ló rí Mùínátù lórí ọkọ̀ rẹ̀.

"Ìyá! Kí lẹ ṣe yìí? Nǹkan ìjọba ni!"

"Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ wo máàpù yín dáadáa, ó ti bá ibẹ̀ mu wàyí. Omi ìjọba nìyẹn, a ò bù mu nínú ẹ̀. Iyanrìn ọmọ la kó."

"A máa tún máàpù yìí yà! Ẹ ń gbọ́? A máa tún un yà!"

"Ẹ tún un yà, ọ̀gá. Ọkọ̀ wa ò tíì fọ́."

Agbaṣẹ́ṣe ti ń rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Mùínátù ò dúró wò wọ́n. Omi ti ń fà, bó bá fà tán, ọkọ̀ tó kún fún iyanrìn kò ní lè dé ẹ̀yìn ilé ìwé.

Nígbà tó débẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ wà nínú ẹrẹ̀, wọ́n ń kan òpó. Iyanrìn tó ti gbẹ láàrin rẹ̀ ò tíì pọ̀, ẹrẹ̀ ti gbé púpọ̀ mì. Àwọn ọmọdé ti gun orí rẹ̀ ná, wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù tó ń bọ́ sínú ẹrẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ bá kàn án. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni àga kan wà, kò sẹ́ni tó jókòó sórí rẹ̀. Ẹni tó ni àga náà wà nínú ẹrẹ̀ dé itan, fèrè wà lọ́rùn rẹ̀, ó ń gba òòlù lọ́wọ́ ọ̀dọ́ kan.

"Ẹ ò kàn án jìn tó," Mùíz ń sọ. "Ta ló kọ́ yín níṣẹ́?" Ó gbé òòlù sókè, ó gbá òpó náà, ó tún gbá a. Nígbà tó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó dúró díẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, bí wọ́n bá tún dé ńkọ́?"

Mùínátù bu garawa àkọ́kọ́ nínú ọkọ̀, ó sì dà á sẹ́sẹ̀ òpó náà.

"Kàn án wọlẹ̀ dáadáa," ó ní. "Bí wọ́n bá dé, a ti mọ bí a ṣe ń fà á tu."